Eérú Tí Kò Tọ Ẹni Tó Dà Á: Ìtàn Bọ́ílà Onígi àti Ìjà Aládùúgbò ní Amẹ́ríkà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Òwe náà gbà pé afẹ́fẹ́ mọ ẹjọ́ dá. Ṣùgbọ́n ìtàn tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí fi hàn pé afẹ́fẹ́ a máa ṣe ègbè. Ní àwọn ìpínlẹ̀ ìlà-oòrùn àríwá orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, bíi Vermont, Connecticut àti New York, ẹnì kan a dáná, èéfín rẹ̀ a sì tọ ẹlòmíràn lọ sínú yàrá. Ó lé ní ogún ọdún kí òfin tó wádìí ẹni tó da eérú náà gan-an.

Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ ni bọ́ílà onígi tí a ń gbé sí ìta gbangba. Ilé kékeré onírin ni, ó jọ ahéré tí a ń kó irinṣẹ́ sí, ó sì máa ń jìnnà díẹ̀ sí ilé tí ń lò ó. Ààrò wà nínú rẹ̀, omi sì yí ààrò náà ká. Bí igi bá ti ń jó, omi a gbóná, ẹ̀rọ a sì máa ti omi gbígbóná náà gba inú páìpù abẹ́ ilẹ̀ lọ sínú ilé, láti fi lé òtútù àti láti fi wẹ̀. Onílé lè ki ìtì igi ńláńlá bọ inú ààrò náà lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì máa bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ títí di ọjọ́ kejì.

Ibi tí ó ti dùn náà ni ó ti korò. Nígbà tí omi bá gbóná tó, ẹ̀rọ náà a ti ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Ẹnikẹ́ni tó ti fi igi dáná rí mọ ohun tí yóò tẹ̀ lé e: iná tí kò rí atẹ́gùn kì í jó geere, kì í sì í kú, èéfín ni í máa ń rú. Ọ̀pá èéfín àwọn bọ́ílà àtijọ́ kò sì ga. Nítorí náà, èéfín wọn kì í gòkè lọ. Ilẹ̀ ni í máa ń rá mọ́, pàápàá ní òwúrọ̀ ìgbà òtútù tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Ọ̀nà tó kù fún un ni fèrèsé aládùúgbò.

Ọ̀wọ́n epo ló sọ igi di ààyò. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1973, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá dá epo dúró fún Amẹ́ríkà. Nígbà tí ọdún 1974 bẹ̀rẹ̀, owó àgbá epo kan ti kúrò ní nǹkan bíi dọ́là 3, ó ti ń sún mọ́ dọ́là 12. Ìyípadà ìjọba ní Iran ní 1979 tún dá kún un. Ọ̀wọ́n epo kan náà tó kó owó sí àpò ìjọba Nàìjíríà ló kó ẹkún bá àwọn ará abúlé Vermont, níbi tí ọ̀pọ̀ ilé ti ń fi epo lé òtútù. Wọ́n padà sínú igbó. Ní àwọn ọdún 1980 sí 1989, àwọn oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í ta bọ́ílà ìta fún àgbẹ̀ àti ará oko. Ẹni tó ní igbó tirẹ̀ kò san ju òógùn ojú lọ. Kò yẹ kí a fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́: òtútù ibẹ̀ a máa pa ènìyàn.

Ní 1988, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìtọ́jú àyíká, EPA, gbé òfin jáde lórí èéfín ààrò onígi tí a ń lò nínú ilé. Òfin náà yọ bọ́ílà sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó ń ṣe ààrò inú ilé ní láti ṣe é kí ó jó dáadáa; ẹni tó ń ṣe bọ́ílà ìta kò ní ẹnikẹ́ni tó ń bi í léèrè. Àyè òfo yìí ni gbogbo ìjà gbà wọlé.

Àwọn àgbà tún sọ pé ará ilé ẹni tí ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Wọ́n sọ fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí a sọ fún ti ná ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là lórí bọ́ílà rẹ̀, kò sì sí òfin tó rú. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ní ikọ́ fée gba ilé ẹjọ́ lọ. Ṣùgbọ́n èéfín kì í dúró de adájọ́. Ẹni tó fẹ̀sùn kàn gbọ́dọ̀ fi hàn pé èéfín náà pọ̀ ju ohun tí aládùúgbò lè fara dà lọ.

Vermont ni ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ ṣòfin fún bọ́ílà wọ̀nyí ní tààrà, ní 1997. Bọ́ílà gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà 200 jìnnà sí ilé ẹlòmíràn. Bí ilé kan bá sì wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 500, ọ̀pá èéfín gbọ́dọ̀ ga ju òrùlé rẹ̀ lọ. Connecticut ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní 2005. Àwọn ìlú kéékèèké náà ṣe tiwọn. Àwọn mìíràn fòfin de bọ́ílà náà pátápátá. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun tí àwọn òfin ìpínlẹ̀ wọ̀nyí wọ̀n. Ilẹ̀ ni wọ́n fi okùn wọ̀n, àti gíga ọ̀pá. Wọn kò wọ iná náà wò. Wọ́n ya oníjà méjì síra, wọn kò sì bi ẹni tó ta ohun ìjà fún wọn léèrè.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2005 náà, ilé-iṣẹ́ Agbẹjọ́rò Àgbà ìpínlẹ̀ New York tẹ ìwádìí jáde tó mú ojú ọ̀rọ̀ kúrò lórí òórùn lásán, tó sì gbé e lé ìlera. Inú èéfín igi ni lẹ́búlẹ́bú kan wà tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ọgbọ̀n wọn fi lè tò ní ìbú irun orí kan ṣoṣo. Imú kì í sẹ́ wọn. Ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n ń lọ, wọ́n sì ń da ọkàn láàmú. Ní 2007, EPA bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí àwọn tó ń ṣe bọ́ílà lè fi ìfẹ́ inú wọn wọ̀. Èyí tó jẹ́ tipátipá kò dé títí di 2015: bọ́ílà tuntun kò gbọdọ̀ tú ju ìwọ̀n 0.32 pọ́ùn lẹ́búlẹ́bú jáde fún mílíọ̀nù BTU ooru kan. Láti oṣù karùn-ún 2020, ìwọ̀n náà di 0.10.

Àwọn ògbólógbòó ńkọ́? New York gbìyànjú rẹ̀ ní 2010. Ètò àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n kó àwọn bọ́ílà àtijọ́ kúrò nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ fárígá, ìjọba sì yọ apá yìí kúrò kí òfin tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bọ́ílà tuntun ni a ní kí ó fi ẹsẹ̀ bàtà 100 jìnnà sí ààlà ilẹ̀ ẹlòmíràn, kí ọ̀pá rẹ̀ sì ga tó ẹsẹ̀ bàtà 18. Òfin 2015 pàápàá, ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe tí a sì ń tà ló mú, kò mú èyí tó ti wà lẹ́yìnkùlé. Irin kì í tètè kú. Nítorí náà, ìjà kò tíì tán.

Èrò tèmi ni pé àgbẹ̀ tó fárígá jàre ní apá kan, ìyá ọmọ tó ń wúkọ́ sì jàre jù ú lọ, nítorí ènìyàn lè ra epo, kò lè ra èémí. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó jẹ́ àwọn méjèèjì ni yóò jọ dúró níwájú adájọ́. Ẹni tó ṣe ààrò tí kò lè mí, àti òfin 1988 tó gbójú kúrò lára rẹ̀, àwọn ni ó da eérú. Wọn kò gbé àdúgbò náà, eérú kò sì mọ ọ̀nà ilé wọn.