Òbí, ọmọ àti ẹ̀dà: ìtàn àṣìṣe kan nínú dísíìkì kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà

1. Ìfáárà

Ohùn àwọn àgbà Kétu tí mo gbà sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìwádìí mi wà lórí kọ̀ǹpútà kan tí ojú kò lè rí. Fáìlì lásán ni dísíìkì rẹ̀, orúkọ fáìlì náà parí sí .vmdk, inú sáfà àtijọ́ kan ló sì ń gbé. Ìyá arúgbó kan lára àwọn tó bá mi sọ̀rọ̀ ti papò dà. Nítorí náà, nígbà tí ètò tó ń ṣe ẹ̀dà fún mi kọ̀ láti parí iṣẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àyà mi já. Mo fẹ́ sọ níhìn-ín bí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ṣe wọ ayé, bí mo ṣe tú u, àti ibi tí èdè ti ṣì mí lọ́nà.

2. Bí odidi dísíìkì ṣe di fáìlì

Kọ̀ǹpútà wọ́n púpọ̀ láàárín 1960 sí 1970, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pín ọ̀kan lò. Ní ilé ìwádìí IBM ní Cambridge, Massachusetts, Robert Creasy àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ CP-40, èyí tó wọ iṣẹ́ ní 1967. Ó mú kí ó dà bíi pé oníkálukú ní odidi ẹ̀rọ tirẹ̀. Ní 1972, IBM kéde VM/370. Nígbà tí kọ̀ǹpútà kéékèèké wá gbòde, èrò náà fà sẹ́yìn, títí Diane Greene, Mendel Rosenblum àti àwọn mẹ́ta mìíràn fi dá VMware sílẹ̀ ní California ní 1998.

Nínú ètò VMware, dísíìkì kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà jẹ́ fáìlì, a sì lè dà á kọ bí a ti ń da ìwé kọ. Ṣùgbọ́n báwo ni a ó ṣe da ìwé kọ nígbà tí ẹlòmíràn ṣì ń kọ nǹkan sínú rẹ̀? Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé kí wọ́n ti dísíìkì àkọ́kọ́, kí wọ́n sì ṣí fáìlì kékeré kan tí yóò máa gba gbogbo àyípadà. Àkọ́kọ́ ni òbí, kékeré ni ọmọ. Òbí ní nọ́ńbà tirẹ̀, ọmọ sì ń pa nọ́ńbà òbí rẹ̀ mọ́. Bí nọ́ńbà méjèèjì kò bá bára mu, ẹ̀rọ kò ní ṣí dísíìkì náà.

3. Àṣìṣe tí kò pariwo

Faransé ni mo fi kàwé. Nínú èdè yẹn, «sauvegarder» ni à ń sọ fún fífi iṣẹ́ pamọ́, òun náà ni à ń sọ fún ṣíṣe ẹ̀dà síbòmíràn. Nítorí èyí, mo ti gbà pé fáìlì ọmọ tí mo ṣí ti tó ní ẹ̀dà, mo sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Kì í ṣe ẹ̀dà rárá: bí òbí bá ṣègbé, ọmọ ò dá dúró.

Nígbà tí àṣìṣe yọ, mo ní kò burú, ẹ̀dà àtẹ̀yìnwá wà níbòmíràn. Mo dá wọn padà sórí ẹ̀rọ mìíràn láti yẹ̀ wọ́n wò. Ohùn mẹ́ta kò ṣí, ti ìyá arúgbó náà sì wà lára wọn. Bẹ́ẹ̀ ètò náà ti ń sọ lójoojúmọ́ pé iṣẹ́ parí láìsí ìṣòro.

Láti 2009 ni VMware ti ní àkọsílẹ̀ tó ń tọ́ka sí ibi tó yí padà nínú dísíìkì, kí ètò ẹ̀dà lè mú ìyẹn nìkan. Ní 2014, ilé iṣẹ́ náà sọ ọ́ di mímọ̀ pé bí a bá fẹ dísíìkì kọjá 128 GB, àkọsílẹ̀ náà lè ṣì í sọ. Mo ti fẹ tèmi láti 100 dé 200, a kò sì tíì tún sáfà wa ṣe.

4. Àṣìṣe tó pariwo

Ó ku dísíìkì tí kò ṣí yìí nìkan. Ìkìlọ̀ tí ẹ̀rọ kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ pé «parent» ti yí padà lẹ́yìn tí a ti dá ọmọ. Ní Faransé, «parent» lè jẹ́ bàbá, ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá, ó lè jẹ́ ìbátan èyíkéyìí. Odidi ọjọ́ kan ni mo fi ń yẹ gbogbo dísíìkì tó wà nítòsí wò. Ìgbà tí mo sọ ọ́ sí Yorùbá ni ojú mi là: òbí ni, ẹni tó bí i gan-an. Mo wá rántí. Lọ́jọ́ kan tí kọ̀ǹpútà náà wà ní pípa, mo so dísíìkì òbí mọ́ ẹ̀rọ mìíràn láti mú fáìlì kan jáde. Ẹ̀rọ yẹn kọ nǹkan díẹ̀ sí i, nọ́ńbà rẹ̀ sì yí padà.

Mo kọ́kọ́ da òbí àti ọmọ kọ síbòmíràn, n kò fọwọ́ kan ti àkọ́kọ́ mọ́. Nínú ẹ̀dà náà ni mo ti ṣí fáìlì àpèjúwe, mo fi nọ́ńbà tuntun òbí sí ibi tí ọmọ ń pa á mọ́ sí. Ó ṣí. Mo ní kí ètò àyẹ̀wò wo dísíìkì náà. Ó rí àbùkù díẹ̀, ó sì tún un ṣe. Bí ohun tí a kọ sórí òbí bá pọ̀ ni, àtúnṣe yìí ì bá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Mo gbọ́ ohùn ìyá náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà, mo da ọmọ pọ̀ mọ́ òbí, mo pa àkọsílẹ̀ àyípadà àtijọ́ rẹ́, mo sì ṣe odidi ẹ̀dà tuntun.

5. Ìparí

Dahomey pa Kétu run ní 1886, síbẹ̀ ìtàn àwọn Alákétu kò bá ìlú lọ. Ẹnu ènìyàn ló wà, a sì máa ń kà á sókè níwájú ará ìlú nígbà tí a bá fi ọba jẹ. Kíkà yẹn ló ń fi hàn pé ó ṣì pé. Ohun tí èmi kò ṣe sí ẹ̀dà mi nìyẹn. Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan báyìí, mo máa ń dá ẹ̀dà kan padà sórí ẹ̀rọ mìíràn, mo sì máa ń fetí sí ohùn márùn-ún nínú rẹ̀. Mo rọ ẹ̀yin tí ẹ ń gba èdè àwọn àgbà sílẹ̀ pé kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ kí àmì pupa tó yọ.