Jíà lára kẹ̀kẹ́ orí òkè
Jíà lára kẹ̀kẹ́ ológeere ni bí eyín irin iwájú, tí ẹsẹ̀ ń yí, ṣe pọ̀ tó sí eyín irin ẹ̀yìn, tí ń yí táyà. Iye jíà kọ́ ló ń gbéni gun òkè, bí kò ṣe bí èyí tó fúyẹ́ jù nínú wọn ṣe fúyẹ́ tó. Kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tó ní irin 3 níwájú àti 9 lẹ́yìn ní jíà 27. Bí eyín 22 bá ń fa eyín 34, ìdá 65 nínú 100 yíyí kan ni táyà ń yí bí ẹsẹ̀ bá yí lẹ́ẹ̀kan. Ní 2016, SRAM, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe jíà kẹ̀kẹ́, gbé ètò jíà tó pè ní Eagle jáde: irin 1 níwájú, 12 lẹ́yìn, láti eyín 10 dé 50. Eyín 32 tó ń fa 50 fún wa ní ìdá 64. Jíà 12 ti gun òkè tó 27.

Àwọn kan ń sọ pé àlàfo láàrin jíà wọ̀nyí ti fẹ̀ jù. Òótọ́ ni fún ẹni tó ń gun ọ̀nà ọ̀dà tó tẹ́jú. Ṣùgbọ́n lórí òkè, ibi gíga a máa yọ lójijì, jíà tó fò jìnnà ló sì wúlò níbẹ̀. Ní ìsọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú, ọwọ́ òsì tí kò yí jíà iwájú mọ́ ráyè rẹ ìjókòó sílẹ̀. Ẹni tó ń ra kẹ̀kẹ́ òkè, eyín ni kó kà, kó má ka jíà.