Ta Ló Ń Sọ Pé Táyà Ti Kú? Ìtàn Ìtọ́jú Táyà Ọkọ̀ Akẹ́rù ní Agbègbè Òṣogbo àti Iléṣà

Táyà ògbólógbòó kan tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ dé ìdajì, tí wọ́n kùn ní ọ̀dà funfun, ni àmì ìsọ̀ fọkanáísà ní ẹ̀bá títì, ìbáà jẹ́ ní Ìdó-Ọ̀ṣun, ní Òṣogbo tó múlé tì í, tàbí ní ojú ọ̀nà Iléṣà. Ẹrù inú ìsọ̀ náà kò pọ̀: ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́, jáàkì, òòlù, irin gbọọrọ tí wọ́n fi ń tú táyà, àti ọpọ́n omi tí wọ́n ń ri tíúbù sí láti mọ ibi tó ti ń jò. Àwọn òǹkọ̀wé ìtàn ọrọ̀-ajé Yorùbá ti sọ púpọ̀ nípa kòkó, nípa ọkọ̀ ojú irin àti nípa àwọn Òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà. Wọn kò fi bẹ́ẹ̀ dúró ní ìsọ̀ yìí. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ìbéèrè kan ti ń wáyé lójoojúmọ́, tí ẹ̀mí ènìyàn rọ̀ mọ́ ìdáhùn rẹ̀: ta ló ní àṣẹ láti sọ pé táyà kan ti kú?

Rọ́bà kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ yìí. Igi iré, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Funtumia elastica, ti ń hù nínú igbó ilẹ̀ Yorùbá kí ọkọ̀ kankan tó dé. Nígbà tí John Boyd Dunlop ṣe táyà oníafẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde ní Belfast ní ọdún 1888, tí kẹ̀kẹ́ sì gbòde nílẹ̀ Òyìnbó, gbogbo ayé ń wá rọ́bà. Ìjọba Èkó lábẹ́ Gómìnà Carter mú àwọn tó mọ iṣẹ́ náà wá láti Gold Coast; ní ọdún 1895, rọ́bà tó gba èbúté Èkó jáde ju mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn lọ lórí ìwọ̀n. Kò tọ́jọ́. Wọ́n ń kọ igi náà lákọtúnkọ láìfún un ní ìsinmi, wọ́n sì gé òmíràn lulẹ̀. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, igi ti kú lọ bẹẹrẹ, òwò náà sì ti wó. Táyà tó padà wá lẹ́yìn náà, òkè òkun ni wọ́n ti ń ṣe é, iye tí wọ́n bá sì pè é ni a ń rà á.

Ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní ọdún 1907, kò sì yà sí Iléṣà. Kòkó Ìjẹ̀ṣà ló ní láti wá bá reluwé. Orí alárùú ló kọ́kọ́ ń gbé e, kí lọ́rì tó gba iṣẹ́ náà. Ọ̀nà amọ̀ pupa àti kòtò òjò ni lọ́rì wọ̀nyí ń gbà, ẹrù wọn a sì máa ju agbára wọn lọ. Táyà ló ń jẹ ìyà náà. Ogun Àgbáyé Kejì wá dá kún un: nígbà tí àwọn ará Japan gba Malaya àti Singapore ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1942, orísun rọ́bà Gẹ̀ẹ́sì tó tóbi jù bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìjọba tún rán ènìyàn padà sínú igbó Nàìjíríà lọ wá rọ́bà, táyà tuntun sì di ọ̀wọ́n. Àṣà lílo táyà pẹ́ kì í ṣe àṣà ahun. Àìrí-rà ló bí i.

Orúkọ iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ní ìtàn. Ní ọdún 1839, Charles Goodyear, ará Amẹ́ríkà, rí i pé bí a bá po rọ́bà mọ́ imí-ọjọ́, tí a sì fún un ní iná, kì í yọ́ nínú oòrùn mọ́, kì í sì í gan nínú òtútù. Orúkọ Vulcan, òrìṣà iná àti alágbẹ̀dẹ àwọn ará Róòmù, ni wọ́n fi sọ iṣẹ́ náà. (Ẹni tó bá rí fọkanáísà tó ń júbà Ògún kí ó tó fọwọ́ kan irin yóò mọ̀ pé orúkọ náà kò ṣìnà.) Ohun tí Goodyear ṣe ni fọkanáísà ń ṣe ní kékeré: yóò ha ojú ibi tó lu, yóò fi rọ́bà tútù lé e, yóò fi irin dè é pinpin, yóò sì dá iná kẹrosíìnì sínú písítìnnì ògbólógbòó ẹ́ńjìnnì tó gbé lé e lórí, títí rọ́bà náà yóò fi jinná mọ́ ara táyà.

Ṣùgbọ́n líla lílù kọ́ ni olórí iṣẹ́ náà. Afẹ́fẹ́ ni. Táyà ọkọ̀ akẹ́rù tòde òní a máa gba nǹkan bí 100 sí 120 lórí géèjì. Bí ó bá dín púpọ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò máa tẹ̀ nígbàkigbà tó bá yí, yóò gbóná, rọ́bà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò lára okùn inú rẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, àárín rẹ̀ nìkan ni yóò máa jẹ. Lẹ́yìn ọkọ̀, níbi tí táyà méjì ti ń rìn pọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ ga dọ́gba, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ èyí tó ga yóò ru ẹrù èkejì. Òkúta tó há sáàárín wọn kò gbọdọ̀ sùn síbẹ̀. Èyí tó dára jù ni iwájú, nítorí pé táyà iwájú tó bẹ́ lè gba ọkọ̀ lọ́wọ́ awakọ̀. Owó kékeré ni gbogbo èyí ń náni. Ìdí tí ọ̀pọ̀ onímọ́tò kò fi ń ṣe é kò ju pé àǹfààní rẹ̀ kì í hàn lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é.

Iṣẹ́ yìí a máa pa ènìyàn. Rímù àtijọ́ ní òrùka irin tó di táyà mú. Bí kò bá jókòó dáadáa nígbà tí afẹ́fẹ́ ń wọlé, yóò fò jáde bí ọta ìbọn. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀gá fi máa ń de wíìlì ní ṣéènì tàbí kí wọ́n dojú òrùka náà bolẹ̀. Táyà oníwáyà wá mú ewu mìíràn wọlé. Èyí tó ti rìn láìní afẹ́fẹ́, wáyà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè ti já sínú láìhàn síta. Bí wọ́n bá tún fẹ́ ẹ, yóò ya gbọọrọ bí ìgbà tí a ṣí síìpù. Ìmọ̀ tí ọmọ iṣẹ́ kọ́ lára táyà olókùn kò tó láti dáàbò bò ó níhìn-ín.

Fún ìgbà díẹ̀, ó dà bí ẹni pé àìrí-rà náà yóò dópin. Ní àwọn ọdún 1960 ni Dunlop ń ṣe táyà ní Ìkẹjà, tí Michelin sì ń ṣe é ní Port Harcourt. Ilé-iṣẹ́ ọtí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Iléṣà ní ọdún 1978, ilé-iṣẹ́ irin náà sì dé Òṣogbo. Ẹrù wúwo wọ ojú títì. Àmọ́ nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀-ajé ọdún 1986 fọ́ agbára náírà, táyà tòkunbọ̀ gbòde. Michelin ṣíwọ́ ṣíṣe táyà ní ọdún 2007, Dunlop sì tẹ̀ lé e láìpẹ́, lẹ́yìn tí ìjọba ti dín owó-orí táyà òkè òkun kù láti 40% sí 10%, tí iná mànàmáná sì ń wọ́n wọn. Pípè tí àwọn kan ń pe tòkunbọ̀ ní àṣà àìbìkítà awakọ̀ kò tọ̀nà. Ìpinnu ìjọba àti ti ọjà ló gbé e dé iwájú awakọ̀.

Ìyẹn kò sọ pé ewu kò sí. Ní ọdún 1977, nígbà tí Òṣogbo àti Iléṣà ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ni ìpínlẹ̀ náà dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ lábẹ́ Wọlé Ṣóyínká. Ti ìjọba àpapọ̀ tẹ̀ lé e ní ọdún 1988. Àwọn ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí ń wo ọjọ́ orí táyà, èyí tí nọ́ńbà mẹ́rin ń sọ lára rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Fọkanáísà ní tirẹ̀ ń fi ọwọ́ ra inú táyà, ó ń wá ibi tó wú tàbí tó rọ̀. Ọ̀nà méjèèjì kò tako ara wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ọkọ̀ ló ń sanwó. Òun ló sì máa ń gbé táyà tó ti dán wá, tí yóò ní kí wọ́n fi abẹ gbígbóná fín ojú rẹ̀ kí ó lè dà bí tuntun. Ọ̀gá tó bá kọ̀ yóò pàdánù oníbàárà sí ìsọ̀ kejì. Ọ̀gá tó bá gbà mọ ohun tó fín.