Idẹ Dídán Gẹ́gẹ́ Bí Ẹ̀rí Ìtàn: Àyẹ̀wò Ojú Ẹdan

Ní Onígbòǹgbò àti àyíká rẹ̀ ní ilẹ̀ Àwórì, níbi tí ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà àti Agége ti gbilẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ẹ̀rọ ni ilé-iṣẹ́ fi ń mú irin dán. Kí ẹ̀rọ tó dé, ọwọ́ ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ Yorùbá, pàápàá lára ẹdan idẹ tí àwọn Ògbóni ń lò. Denis Williams ṣe àlàyé dída idẹ nínú Icon and Image (1974). Iṣẹ́ yìí dá lé ìtọ́jú tí idẹ ń gbà lẹ́yìn tí ó bá kúrò lọ́wọ́ asúdẹ.

Bí asúdẹ bá fọ́ amọ̀ tí ó fi bo ìda, idẹ tí ó jáde kì í dán. Ojú rẹ̀ a ṣú, a sì rí ṣákiṣàki. A ó fi fáìlì rẹ́ ẹ, a ó sì fi iyanrìn àti omi bó o. Lẹ́yìn èyí ni ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú kíkúnná kàn. Omi ọsàn a jẹ ìpẹtà kúrò. Eérú a ha ojú idẹ, ṣùgbọ́n ìlà tí ó ń fà kéré sí ti iyanrìn. Aṣọ ni a fi ń parí rẹ̀. Báyìí ni ìlà ń tín-ín-rín sí i títí ojú kò fi rí i mọ́, tí idẹ sì di dígí. Dídán, nígbà náà, kì í ṣe ohun tí a fi kún idẹ. Ohun tí a yọ kúrò ni.

Níhìn-ín ni ọ̀ràn òpìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Imú àti ilà ojú ọ̀pọ̀ ẹdan ti pa rẹ́ nítorí ìfọwọ́kàn àti bíbó. Ó rọrùn láti sọ pé èyí tí ó pa rẹ́ jù ni ó dàgbà jù, ṣùgbọ́n èrò yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹdan tí a ń gbé jáde lóòrèkóòrè a máa gba bíbó ju èyí tí ó wà nínú àpótí lọ. Àwọn orí tí a hú ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, Ilé-Ifẹ̀, ní 1938 dàgbà ju ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹdan lọ. Síbẹ̀, ìlà tín-ín-rín ojú wọn hàn kedere, nítorí inú ilẹ̀ ni wọ́n wà, ọwọ́ kò kàn wọ́n. Ìpàrẹ́ ń ka iye ìlò. Kò ka iye ọdún.

Ní àkótán, kí òpìtàn má ṣe fi ìpàrẹ́ nìkan ṣírò ọjọ́ orí. Kí ó bi olùtọ́jú léèrè iye ìgbà tí wọ́n ń bó o. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí tí ó bá bó ẹdan ń pa ẹ̀rí rẹ́. Èyí tí ó bá fi í sílẹ̀ kí ó ṣú ń dá àṣà àwọn tí ó ni ín dúró. Èyí ó wù kí wọ́n yàn, kí wọ́n kọ́kọ́ ya àwòrán rẹ̀, kí wọ́n sì wọn ilà ojú rẹ̀, kí ọwọ́ tó tún kàn án.