Lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsù nínú awọ ara

Lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsù nínú awọ ara jẹ́ àmì dúdú, tàbí àmì tó ní àwọ̀ eérú tàbí búlúù, tó máa ń wà lára ènìyàn lẹ́yìn tí ẹnu pẹ́ńsù bá gún un tí lẹ́ẹ̀dì sì kán sínú awọ. Kì í sábà léwu, ṣùgbọ́n ó lè jọ àmì àbímọ́ tàbí mẹlanómà, ọ̀kan lára àwọn jẹjẹrẹ awọ ara. Ìdí nìyí tí ìtàn bí àmì náà ṣe bẹ̀rẹ̀ fi ṣe pàtàkì.

Ohun tó wà nínú pẹ́ńsù

Kò sí òjé nínú lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsù. Gráfáìtì tí wọ́n pò mọ́ amọ̀ ni. Ní ọdún 1779, Carl Wilhelm Scheele, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ilẹ̀ Swídìn, fi hàn pé irú kábọ́ọ̀nù kan ni gráfáìtì. Nítorí náà, ẹni tí pẹ́ńsù gún kò ní ti ibẹ̀ kó májèlé òjé. Pẹ́ńsù ayé àtijọ́ tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ kì í parẹ́ yàtọ̀: aró inú rẹ̀ lè ba ẹran ara jẹ́, dókítà sì ní láti yọ ọ́ kíákíá.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú awọ

Gráfáìtì kì í yòrò nínú ara. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbógun ti àjèjì máa ń gbé e mì, ṣùgbọ́n wọn kò lè dà á. Nípa bẹ́ẹ̀, àmì náà lè wà títí ayé. Lára àwọn mìíràn, ara a mọ odi yí i ká, kókó líle a sì yọ níbẹ̀, nígbà mìíràn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà náà, ẹni náà lè ti gbàgbé pé pẹ́ńsù gún òun rí, kókó tuntun lórí àmì dúdú a sì fara jọ jẹjẹrẹ.

Àwọn ohun tó jọ ọ́

Láàárín àwọn Yorùbá, gbẹ́rẹ́ máa ń fi irú àmì kan náà sílẹ̀, nítorí pé oògùn tí wọ́n jó dúdú ni wọ́n ń fi ra ojú abẹ. Èédú inú rẹ̀ pẹ̀lú jẹ́ kábọ́ọ̀nù.

Mẹlanómà ni ohun tó yẹ kí a bẹ̀rù jù. Lára àwọn ènìyàn dúdú, àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná ló ti wọ́pọ̀ jù. Àwọn ènìyàn kọ́kọ́ rò pé bọ́ọ̀lù gbígbá ló fa egbò ọmọ ìka ẹsẹ̀ olórin Bob Marley. Ní ọdún 1977 ni wọ́n rí i pé mẹlanómà ni. Ó kú ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ọdún 1981.

Àyẹ̀wò

Àmì pẹ́ńsù kì í sábà yí padà. Àmì tó ń fẹ̀, tó ń yí àwọ̀ padà, tó ń ṣẹ̀jẹ̀ tàbí tó di egbò gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà, kódà bí ẹni náà bá rántí pẹ́ńsù. Dókítà lè gé díẹ̀ lára rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Oògùn kan wà ní yàrá àyẹ̀wò tó ń bó àwọ̀ dúdú tí ara fúnra rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n kì í bó ti gráfáìtì.

Ní Ìkìrun, Iníṣà àti Òkukù

Àwọn ìlú mẹ́ta yìí wà ní àríwá Òṣogbo, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Bíi ti ibòmíràn, pẹ́ńsù ni àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fi ń kọ̀wé níbẹ̀, gbẹ́rẹ́ sì jẹ́ àṣà ilẹ̀ Yorùbá. Aláìsàn ní láti sọ èyí tó ṣe é àti ọjọ́ tó ti pẹ́ tó. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni wà ní Òṣogbo àti ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọ̀ràn tó bá ju agbára ilé ìwòsàn àdúgbò lọ.

Ìtọ́jú

Kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi tó mọ́ fọ ojú ibẹ̀, kí wọ́n sì fi ẹ̀mú kékeré tó mọ́ yọ lẹ́ẹ̀dì tó bá yọrí síta. Kò dára láti fi abẹ́rẹ́ tàbí bíléèdì tú awọ. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tẹ́tánọ́ọ̀sì lè pọn dandan. Bí pẹ́ńsù bá gún ojú, kí wọ́n má ṣe fà á yọ. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé ẹni náà lọ lójú ẹsẹ̀.