Àṣìṣe Olóòtú Lórí Rọ́kẹ́ẹ̀tì Goddard

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kìn-ín-ní ọdún 1920, ìwé ìròyìn New York Times fi Robert Goddard, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Clark ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣe yẹ̀yẹ́. Ọkùnrin náà ti kọ̀wé pé rọ́kẹ́ẹ̀tì lè dé òṣùpá. Olóòtú ní níbi tí kò ti sí afẹ́fẹ́, kí ni rọ́kẹ́ẹ̀tì yóò fi ẹsẹ̀ tì? Ó ní ohun tí à ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé girama lójoojúmọ́ ni ọ̀jọ̀gbọ́n kò mọ̀.

Olóòtú gan-an ni kò mọ̀ ọ́n. Òfin kẹta tí Newton tẹ̀ jáde ní ọdún 1687 wí pé bí ohun kan bá ti èkejì, èkejì náà yóò tì í padà. Ipá méjèèjì dọ́gba, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ara wọn. Rọ́kẹ́ẹ̀tì a máa ti èéfín gbígbóná jáde ní ìdí rẹ̀, èéfín a sì ti rọ́kẹ́ẹ̀tì síwájú. Ọ̀ràn àwọn méjèèjì nìyẹn. Afẹ́fẹ́ ìta kò sí níbẹ̀, àfi bí yóò bá dí wọn lọ́wọ́. (Ọmọ tí ó ti há òfin yìí sórí geerege pàápàá a máa ṣe àṣìṣe olóòtú yìí.)

Goddard ti dán an wò ṣáájú nínú àgbá tí a fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde: rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́. Ní oṣù kẹta ọdún 1926, ní Auburn, èyí tí ó fi epo olómi ṣe gòkè ní ẹsẹ̀ bàtà 41. Ó kú ní ọdún 1945.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù keje ọdún 1969, nígbà tí Apollo 11 ti wà lójú ọ̀nà òṣùpá, ni ìwé ìròyìn náà tó kọ ọ́ pé àwọn kábàámọ̀ àṣìṣe náà.