Orúkọ Obìnrin Kí Ó Tó Lọ́kọ àti Lẹ́yìn Ìgbéyàwó

Nínú àpilẹ̀kọ kékeré yìí, a fẹ́ yẹ gbólóhùn kan wò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgándò máa ń kọ bí a bá bi wọ́n léèrè nípa ìgbéyàwó: wọn a ní àṣà Yorùbá ni pé kí obìnrin fi orúkọ bàbá rẹ̀ sílẹ̀, kí ó máa jẹ́ ti ọkọ. Gbólóhùn náà kò tọ̀nà. Ohun tí wọ́n ń wí kò tíì pé igba ọdún ní ilẹ̀ wa.

Kí ìjọ Kirisitẹni àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ ènìyàn sínú ìwé, orúkọ àmútọ̀runwá, àbísọ àti oríkì ni ọmọ ń jẹ́. Bí obìnrin bá dé ilé ọkọ, ìyàwó ni wọn yóò máa pè é títí yóò fi bímọ, tí yóò di Ìyá Táíwò tàbí Ìyá Àjàyí. Òun gan-an ni ó tilẹ̀ ń sọ àwọn ará ilé lórúkọ, nítorí kò gbọdọ̀ dárúkọ ọmọ tí a bí sílé ṣáájú kí ó tó dé. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbọ́ Akọ́wé, Adúmáadán àti Ìbàdí-àrán lẹ́nu àwọn ìyàwó ilé. Ṣùgbọ́n oríkì orílẹ̀ rẹ̀ kì í yí padà. Ọmọ Olófà tí ó fẹ́ ọmọ Ọ̀pómúléró, ọmọ Olófà ni yóò jẹ́ títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ ẹkún ìyàwó rí ní agbègbè Ọ̀yọ́ mọ̀ pé oríkì ilé bàbá ni ìyàwó ń sun bí ó ti ń lọ.

Sàró ni ti ìwé ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Àjàyí ṣe ìrìbọmi ní 1825, ó gba orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan, Samuel Crowther. Asano, tí ó fẹ́ ní 1829, ti di Susan Thompson kí ó tó tún di Crowther. Àwọn tí ó ti Sàró bọ̀ ni ó kó àṣà yìí dé Èkó àti Abẹ́òkúta.

Ẹ jẹ́ kí a wo Olóyè Fúnmiláyọ̀. Thomas ni orúkọ bàbá rẹ̀ nígbà tí a bí i ní Abẹ́òkúta ní 1900. Ní 1925 ó fẹ́ Israel Olúdọ̀tun, ó di Ransome-Kútì. Nígbà tí Fẹlá ọmọ rẹ̀ yọ Ransome kúrò, tí ó fi Aníkúlápó dípò rẹ̀, ìyá náà ń jẹ́ Aníkúlápó-Kútì kí ó tó kú ní 1978. Ti bàbá, ti ọkọ, ti ọmọ! Lójú tiwa, ti ìkẹyìn yìí ni ó sún mọ́ àṣà Yorùbá jù, nítorí ọmọ ni ó ń sọ ìyá lórúkọ nílé wa.

Lónìí, kò sí òfin Nàìjíríà tí ó fi dandan lé e pé kí obìnrin yí orúkọ padà. Síbẹ̀, àwọn olùkọ́ obìnrin ń lọ búra ní kóòtù, wọ́n ń polongo nínú ìwé ìròyìn pé Omidan Báyìí ti di Ìyáàfin Báyìí, kí ìwé ẹ̀rí wọn àtijọ́ má baà di ti ẹlòmíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ ọ́ pé àṣà òde òní ni èyí, tí ó sì fi oríkì orílẹ̀ ṣe ẹ̀rí, òun ni ó yẹ kí a fún ní máàkì.